Aago Ń Yìn Ín, Ó Sì Dákẹ́

Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè: bí wọ́n bá ń yìn yín fún iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe, tí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá sọ òótọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé lọ sílé, ṣé ẹ máa lanu? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù ṣe ná.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù dákẹ́. Kì í ṣe pé kò lẹ́nu o. Bí ẹnu bá ṣe é fi wa ọkọ̀, tirẹ̀ á wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Ilé alágbàfọ̀ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń fọ ṣíìtì fún ọsibítù àti òtẹ́ẹ̀lì. Yàrá ìfọṣọ wà ní apá kan, yàrá ìlọṣọ wà ní apá kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ ló wà láàárín wọn. Ìdí tábìlì ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù máa ń dúró sí, á di áyọ́ọ̀nù mú, á máa lọ ṣíìtì látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń ti ṣíìtì tútù wá bá a ni Ìyá Kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ onírin ló ń tì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí omi bá ṣì wà lára aṣọ, kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń wúwo bíi màlúù tí kò fẹ́ lọ sọ́jà.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló pa wọ́n pọ̀. Àna ni wọ́n. Ọmọbìnrin Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló fẹ́ ọmọkùnrin Ìyá Kẹ̀kẹ́, ọmọ kékeré kan náà ló ń pe àwọn méjèèjì ní màmá àgbà. Ọmọkùnrin yẹn, kunlékunlé ni, àmọ́ ó já bọ́ látorí àkàbà, kò sì tíì lè padà síṣẹ́. Ìyá Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ilé wá ń wò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ohun tí kẹ̀kẹ́ yẹn ń mú wálé ni ọmọ Ìyá Áyọ́ọ̀nù àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ.

Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ darúgbó, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ọmọ dáadáa ni, kì í pariwo mọ́ àgbà, àmọ́ ohunkóhun tó bá ti ń tàn yinyin, ó ti gbà á gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé páálí kan wọlé, ó pín aago ọwọ́ dúdú fún gbogbo òṣìṣẹ́.

"Aago yìí mọ̀ bí ẹ bá ń rìn, ó sì mọ̀ bí ẹ bá jókòó," ló wí. "Á máa ka ìrìn yín àti bí ẹ ṣe ń lo ara yín tó, á sì máa fi í hàn lára ògiri yẹn."

Ó ti gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ síbẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn wà lójú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá ní àwọ̀ ewé, ti òṣìṣẹ́ ni. Ìlà tó bá pupa, ti ọ̀lẹ ni. Ìyẹn ò sì gba ìwé mẹ́fà kí èèyàn tó lè kà á.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa mọ ohun tí mo ń rò lọ́kàn?" Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Rárá, Mọ́mì. Kò lè mọ ìyẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń rò nípa rẹ̀ ò dùn ún gbọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọ̀gá Kékeré náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ló wá ní:

"Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá dé, a ò ní nílò gbogbo èèyàn mọ́. Mi ò sì fẹ́ ṣe ojúsàájú. Ẹni tí aago bá sọ pé kò ṣiṣẹ́, òun ló máa lọ."

Ẹ̀rín kú. Kò sẹ́ni tó ní kí Ìyá Áyọ́ọ̀nù rò ó, ó ti rò ó tán lórí ìdúró: bí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ bá dé, ta ni wọ́n á ní kó máa lọ sílé bí kì í bá ṣe ẹni tó ń lọ aṣọ?

Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ de aago sí. Ìlà rẹ̀ pupa. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó, ojoojúmọ́ ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Ooru áyọ́ọ̀nù wá mú kí awọ ọwọ́ yẹn máa yún un, ló bá tú u, ó pa á dà sí ọ̀tún. Kò ní ohun kan lọ́kàn nígbà yẹn. Ó yún un ni.

Kò pẹ́, aago gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìràwọ̀ kékeré kan tàn lójú rẹ̀.

"Kí lèyí?" ló bi ọmọge tó ń ká aṣọ nítòsí rẹ̀.

"Ó ń kí yín ni, Mọ́mì. Ó ní ẹ ti rìn jìnnà."

"Mo rìn lọ síbo?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ lọ."

"Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì kúrò lójú kan ju ìgbà tí mo lọ tọ̀ lọ."

"Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o," ni ọmọge wí.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń rú lójú kó sì fi í sílẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó kó ṣíìtì tó ti ká jọ, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ àyà, ó gbé e dé yàrá ìkẹ́rùsí, ó tún kó òmíràn padà. Ó rìn dáadáa. Aago ò mira. Ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù, kò tíì lọ aṣọ ìrọ̀rí kan tán tí aago tún gbọ̀n.

Ó yé e wàyí. Apá ni aago ń kà. Bí apá bá ń lọ tó ń bọ̀, á ní ẹsẹ̀ ń rìn.

Ẹ̀rín pa á. Ó gbójú sókè kó lè pe ọmọge kó wá gbọ́ nǹkan. Ibẹ̀ ló ti rí Ìyá Kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni di olè mú, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ ń lọ kò dúró, apá ò mì rárá.

Kò pe ọmọge mọ́. Ó sọ ojú kalẹ̀, ó ń lọ aṣọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìlà tirẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó sì gùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ọ̀gá Kékeré pè é sí ọ́físì. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀, àga ibẹ̀ sì rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin lẹ wà lókè pátápátá. Ọjọ́ orí yín nìyí, ẹ ń rìn ju àwọn ọmọdé lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ẹ̀yin tó ń kà á máa ti sọ pé ẹ̀yin á jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò sí lórí àga yẹn.

Ó lanu lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Àfi bí Ọ̀gá Kékeré ṣe ní: "Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dé, ẹ̀yin ni mo ti ní n óò kọ́kọ́ dá dúró. Mo ti fagi lé e. Ẹni tó lágbára báyìí, a máa wá ibòmíràn fi í sí."

Ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún là á, ohun tó bá a jáde ni: "Ọlọ́run ló ń fúnni lókun, Ọ̀gá."

Kò purọ́. Ọlọ́run ló ń fúnni lókun. Àmọ́ òun náà mọ̀ pé kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n bi òun nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò fi mọ sórí iṣẹ́ mọ́. Bí ooru bá mú un, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹni tó wà lókèèrè, á máa ju ọwọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ nínú oko. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n ra aago tí kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sẹ́sẹ̀? Wọ́n gbé òmùgọ̀ wá kó wá máa ṣọ́ mi. Kí òmùgọ̀ máa ṣọ́ mi lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Ìyá Kẹ̀kẹ́ jọ jókòó sórí páálí ọṣẹ, wọ́n ń jẹun.

"Àna mi," ni Ìyá Kẹ̀kẹ́ wí, "ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ẹsẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi.

"Mo rí i, Àna mi. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ẹsẹ̀ tó wú báyìí, aago ní kò rìn. Ẹ̀yin tí ẹ dúró gbagidi bí òpó iná, tiyín ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Kí ló dé?"

"Ṣé èmi ni mo ṣe aago ni?"

"Mi ò ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ gbọ́n jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbé òkèlè mì. Ó mu omi lé e. "Bóyá ẹ ò dè é le ni. Ẹ fún okùn rẹ̀ dáadáa."

Ìyá Kẹ̀kẹ́ fún okùn aago títí ó fi dá àpá sí i lọ́wọ́. Ìlà rẹ̀ ò kúrò ní pupa.

Àmọ́ Ìyá Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe òpè. Ó ní bí aago bá fẹ́ ka ẹsẹ̀, kó lọ bá ẹsẹ̀ níbi tó wà. Ló bá tú u lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó fi síkẹ́ẹ̀tì bò ó. Kó tó di ọ̀sán, ìlà rẹ̀ ti yí padà. Ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé bí ẹni ti ọkọ̀ ìyàwó.

"Àna mi, ẹ wo ògiri. Ẹ bá mi wo ògiri."

"Mo rí i," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí. "Ẹ ṣáà rọra."

Ọ̀rọ̀ ò pé ọjọ́ mélòó kan. Etí síkẹ́ẹ̀tì kọ́ táyà kẹ̀kẹ́, Ìyá Kẹ̀kẹ́ ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìlọṣọ. Ọ̀gá Kékeré ló sáré gbé e dìde. Ibi tó ti ń bi í pé ṣé kò fara pa ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Aago yín ni."

"Ọwọ́ la ní kí ẹ dè é sí."

"Ọwọ́ mi kì í rìn, Ọ̀gá. Ẹsẹ̀ mi ló ń rìn."

"Ìwé tó bá a wá sọ pé ọwọ́. Ẹni tó bá dè é síbòmíràn, magomago ló ń ṣe. Abájọ tí ṣíìtì fi máa ń pẹ́ kó tó dé."

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ yín ló ń pẹ́. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ yìí látàárọ̀ dalẹ́, mi ò sì fi í sílẹ̀."

Àwọn tó wà ní yàrá ìfọṣọ máa ń rí i bó bá ń jáde, wọn kì í rí i lọ́nà. Ọmọge tó ń ká aṣọ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni tábìlì rẹ̀ kọjú síbẹ̀. Ọ̀gá Kékeré yíjú sí i.

"Mọ́mì, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́. Ẹ̀yin lẹ kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ìyá yìí ń ti kẹ̀kẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, àbí ó ń lọ sinmi níbì kan?"

Áyọ́ọ̀nù ń mí èéfín lórí tábìlì. Ìyá Kẹ̀kẹ́ ò tiẹ̀ wo Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń gbọn omi síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dànù. Kí ló máa dẹ́rù ba èèyàn bí àna rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀?

"Ọ̀gá," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí, "èmi kì í gbójú sókè bí mo bá ń lọ aṣọ. Aṣọ á jó."

Ìyá Kẹ̀kẹ́ dá ọwọ́ dúró lára síkẹ́ẹ̀tì. Ó wá wò ó nígbà náà. Kò sunkún, kò ṣépè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú aago lọ́rùn ẹsẹ̀, ó gbé e lé orí ṣíìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gba aago yín. Lọ́la, kó máa bá yín ti kẹ̀kẹ́."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ yín ò jó."

Lọ́jọ́ ìsinmi, ọmọ Ìyá Áyọ́ọ̀nù wá sílé ìyá rẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Kò jókòó.

"Màámi, wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ ò rí i."

"Mi ò sọ pé mi ò rí i. Mo ní mi kì í gbójú sókè."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

"Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi náà sọ tara mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé èmi ni?"

"Màmá ọkọ mi lọ sí ilé alágbàfọ̀ kejì tó wà ládùúgbò lánàá láti wáṣẹ́. Àwọn ibẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n kọjá ẹnu géètì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé wọ́n ń fi aago ṣe magomago. Màámi, obìnrin tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ yẹn kí n tó mọ ọkọ mi, òun ni wọ́n ń pè lọ́lẹ."

"Ṣé èmi ni mo ní kó so ó mọ́ ẹsẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà tún ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ dè. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ọ̀ràn ò dun ọmọ ẹṣin, wọ́n mú ìyá rẹ̀ so, ó ń jẹ oko. Tiyín wá yàtọ̀. Ìyá ló ń jẹ oko níbí, àwa ọmọ ni wọ́n so."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù dìde, ó lọ ṣí ìkòkò. "Jẹ́ n bu oúnjẹ fún ẹ lọ."

"Màmá ní kí n má gbà á. Wọn ò bínú o. Wọ́n ní bí a bá gbà á, á dà bí ẹni pé ẹ ń ṣe ètùtù, àwọn ò sì fẹ́ kí ojú tì yín."

Ó lọ. Ìyá Áyọ́ọ̀nù pòṣé, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìyà. Ó gbé ìkòkò tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún un fọ̀. Ó gbé òmíràn, ó tún un fọ̀ pẹ̀lú.

Níbi iṣẹ́, wọ́n gba géńdé kan sídìí kẹ̀kẹ́. Apá rẹ̀ bí òpó, ọrùn rẹ̀ bíi ti akọ màlúù. Ìlà rẹ̀ pupa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá Kékeré pè é, ó ní kó tẹra mọ́ṣẹ́.

"Ọ̀gá, aṣọ mi nìyí," ni géńdé wí, ó sì fún òógùn jáde nínú rẹ̀ sílẹ̀. "Aago yín ní mo ń sùn. Bó bá jẹ́ pé báyìí ni mo ṣe ń sùn, ẹ wá wò mí bí mo bá jí." Ó bọ́ aago, ó lọ, kò padà wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀rọ ìlọṣọ dé. Ó ń gbé ṣíìtì mì ní apá kan, ó ń pọ̀ ọ́ ní apá kejì, aṣọ ti gbẹ, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbé tábìlì Ìyá Áyọ́ọ̀nù kúrò, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Ọ̀gá Kékeré wo ara ògiri, ó rẹ́rìn-ín.

"Kẹ̀kẹ́ ò lẹ́ni. Ta ló lẹ́sẹ̀ jù nínú gbogbo wa? Mọ́mì, ẹ̀yin ni. Mo ní n óò wá ibì kan fi yín sí, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Kí ló máa sọ? Ẹni tí aago ní ó rìn ju gbogbo èèyàn lọ, báwo ló ṣe máa sọ pé òun ò lè rìn? Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ó tì í.

Tí èèyàn bá wò ó láti ìdí tábìlì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tẹ́jú. Láti ìdí kẹ̀kẹ́, òkè ni. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀. Ìbàdí ń ro ó, àtẹ́lẹwọ́ ń ta á, orúnkún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bó bá ti kẹ̀kẹ́ dé, tó wo ògiri, ìlà rẹ̀ ti ń pupa.

Ó gbìyànjú ọgbọ́n. Ó fi ọwọ́ òsì ti kẹ̀kẹ́, ó ń ju ọ̀tún bíi sójà.

"Mọ́mì, ta lẹ ń juwọ́ sí?" ni ọmọge tó ń ká aṣọ bi í.

"Ikú ni. Mo ní kó má tíì wá."

Kẹ̀kẹ́ yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kọlu ògiri, ṣíìtì dà sínú omi. Ó ní láti kó gbogbo rẹ̀ padà lọ fọ̀.

Nígbà tó ń kó o, ó gbójú sókè, ó rí ibi tí tábìlì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò lè ṣàì rí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́. Á rí ọrùn tó tẹ̀, á rí ọwọ́ tó di irin mú, á gbọ́ bó ṣe ń mí. Bó bá di ojú, á ṣì gbọ́ táyà.

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́sẹ̀ yẹn, Ọ̀gá Kékeré kó gbogbo wọn jọ síwájú ògiri. Ìlà Ìyá Áyọ́ọ̀nù pupa bí ojú ẹni tó mu ọtí sùn.

"Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè. Ṣé ara yín ò yá ni, àbí ẹ̀yin náà ti ń sùn?"

Kó tó dáhùn, ọmọge ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, wọn ò sùn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni mo ti kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi fojú mi rí wọn. Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n."

"Àwa náà ń rí bí òógùn ṣe ń bò wọ́n bí wọ́n bá ń jáde," ni àwọn tó wá láti yàrá ìfọṣọ wí.

Ọ̀gá Kékeré họ orí. Ó ní kí Ìyá Áyọ́ọ̀nù bọ́ aago rẹ̀ fún òun, ó dè é sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó tì í lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tì í padà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó wo aago. Ó tún wò ó.

"Kò ka nǹkan kan," ló wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ó tán. Aago yìí ò dáa. Aago ló jẹ̀bi. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ sínú páálí, n óò dá a padà fún ẹni tó tà á. Mọ́mì, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín wà níbẹ̀."

Gbogbo èèyàn ń tú aago, wọ́n ń ra ọwọ́ wọn, wọ́n ń ṣàwàdà. Ọmọge tó ń ká aṣọ ló wá bèèrè: "Ìyá Kẹ̀kẹ́ ńkọ́, Ọ̀gá? Ẹ jẹ́ ká pe ìyá yẹn padà."

Ọ̀gá Kékeré mi orí. "Tiwọn yàtọ̀. Bí aago ò bá dáa, èèyàn ní ojú. Mo bi ẹni tó kọjú sí wọn, kò sọ pé òun rí wọn nídìí iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ló ń pa aago mọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì fún?"

Ọ̀nà ti là fún Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Aago ti jẹ̀bi. Iṣẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó máa ṣe ni èyí tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí.

Ó fi ìbàdí ti kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bọ́ sáàárín wọn.

"Ọ̀gá Kékeré, dúró."

Òun tó máa ń sọ pé "ẹ dúró". Gbogbo wọn gbọ́ ọ, wọ́n sì wò ó.

"Mo rí i," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Mo rí i tó ń bọ̀, mo rí i tó ń lọ. Kò sinmi níbì kankan."

"Mọ́mì, ẹ ní ẹ kì í gbójú sókè."

"Ta ló ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ tí kì í gbójú sókè? Ṣé ewúrẹ́ ni mí? Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé apá ni aago yín ń kà. Mo sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ tí mo fi ń lọ aṣọ, mo ní kó máa yìn mí. Ìyá yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí léèrè, mo ní kó fún okùn. Ìwọ náà bi mí lójú gbogbo èèyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti aṣọ fún ẹ."

Ọ̀gá Kékeré sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rù ló bà yín. Ó yé mi. Èmi náà jẹ̀bi, èmi ni mo ra aago. Ẹ jẹ́ ká ṣáà gbà pé aago ló fà á, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Kò ní tán bẹ́ẹ̀. Má di ẹrù mi ru aago. Aago ò lójú, kò sì lẹ́nu. Èmi ní méjèèjì. Mi ò ní kúnlẹ̀ fún ẹ, mi ò sì ní sunkún. Bó o bá fẹ́ lé mi, lé mi, mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ, n óò rí òmíràn ṣe. Àmọ́ ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Lónìí yìí, kó o tó lọ sílé, lọ sí ilé alágbàfọ̀ kejì, lọ sọ fún wọn. Ibẹ̀ náà ni kó o ti kọjá lọ sílé àna mi, kó o sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀ àti lójú ọmọ mi."

"Kí n sọ pé kí ni, Mọ́mì?"

"Sọ fún wọn pé òṣìṣẹ́ ni Ìyá Kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló bà á lórúkọ jẹ́, má pe aago, má sì pe ara rẹ. Sọ fún wọn pé Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni. Èmi ni."